Ilé Òkú Cerveteri: Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ilé tí àwọn Etruscan ń gbé ní Ítálì láyé àtijọ́, inú ibojì ni yóò wọ̀. Amọ̀ àti igi ni wọ́n fi kọ́ ilé ara wọn, òjò sì ti fọ̀ ọ́ lọ. Ìpìlẹ̀ òkúta àti àfọ́kù táìlì ló kù. Ilé tí wọ́n gbẹ́ fún òkú ló ṣì dúró digbí, tòun ti yàrá, ẹnu ọ̀nà, fèrèsé, ibùsùn àti òrùlé. Àwọn tó lókìkí jù nínú wọn wà ní Cerveteri, ìlú tí àwọn ará Róòmù ń pè ní Caere. Itẹ́ òkú Banditaccia tó wà níbẹ̀ tò bí ìlú: ó ní òpópónà, ó ní ojúde, ó sì ní àdúgbò.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, òkú kì í gba yàrá. Láti nǹkan bí ọdún 900 ṣáájú ìbí Kristi, sísun ni wọ́n ń sun ún. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n á fi àwo dé e, wọ́n á gbé e sínú kòtò tóóró, ó parí. Nígbà mìíràn, akoto ogun ni wọ́n fi ń dé ìkòkò ọkùnrin. Villanova ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń pe àṣà yìí, nítorí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá Bologna ni Giovanni Gozzadini ti bẹ̀rẹ̀ sí í hú irú ibojì bẹ́ẹ̀ ní 1853.

Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ àwọn Etruscan, àti ní ilẹ̀ àwọn Látìn tó múlé tì wọ́n, àwọn kan mọ ìkòkò eérú náà bí ahéré. Ara rẹ̀ rí roboto, òrùlé rẹ̀ da gẹ̀rẹ̀ bí ti koríko, àwọn igi orí òrùlé sì gba ara wọn kọjá lókè, wọ́n yọrí síta bí ìwo. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níwájú tó ṣeé ṣí, ó ní ihò tí wọ́n ń ki ọ̀pá bọ̀ kí wọ́n lè tì í. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni eérú ń gbà wọlé. Lójú tèmi, ibí gan-an ni ìtàn ilé òkú ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí àwọn òkìtì ràgàjì tó bo ibojì, tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wò ní Cerveteri. Nígbà tí wọ́n rí ihò òpó àwọn ahéré àtijọ́ nínú àpáta lórí òkè Palatine ní Róòmù ní 1948, àwọn ìkòkò wọ̀nyí ni wọ́n wò kí wọ́n tó lè sọ bí ògiri àti òrùlé ibẹ̀ ṣe rí.

Owó ló yí nǹkan padà. Irin àti bàbà wà nínú ilẹ̀ wọn, àwọn oníṣòwò Gíríìkì àti Fòníṣíà sì ń wá a. Àwọn ìdílé ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ òkú wọn láìsun ún, wọ́n ń kó dúkìá tì í, dúkìá sì ń fẹ́ àyè. Ní 1836, àlùfáà Alessandro Regolini àti ọ̀gágun Vincenzo Galassi ṣí ibojì kan ní Cerveteri tí olè kò tíì dé, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 650 ṣáájú ìbí Kristi. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin wà níbẹ̀, ibùsùn idẹ wà níbẹ̀, obìnrin tí wọ́n tẹ́ sí ìpẹ̀kun rẹ̀ sì ní píìnì aṣọ wúrà ńlá tí wọ́n ya kìnnìún sí. Vatican ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Ọ̀nà tóóró ni ibojì náà. Wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ nínú àpáta, wọ́n wá to òkúta lé e, ìlà kọ̀ọ̀kan yọ síwájú ju ti abẹ́ rẹ̀ lọ títí tí ọ̀tún àti òsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Irú òkúta tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ju ìyẹn lọ. Tùfù ni, eérú òkè ayọnáyèéfín tó dì. Ó rọ̀ lábẹ́ irin, atẹ́gùn á sì mú un le tó bá yá. Nínú ibojì kan tí wọ́n ń pè ní Capanna, ìyẹn ahéré, òrùlé àpáta náà sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ̀ bí ti ilé koríko gan-an. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbẹ́ ìtì igi gbọọrọ sí àárín òrùlé, wọ́n sì gbẹ́ àwọn igi kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó gbé ohunkóhun ró nínú wọn. Àpáta ti gbé ara rẹ̀ ró. Ibojì kan láti ọ̀rúndún kẹfà ní àga àti àpótí ìtìsẹ̀ tó bá àpáta ṣù pọ̀, ó sì ní apata ogun lára ògiri. Ibùsùn ọkùnrin ní ẹsẹ̀ gbígbẹ́. Tobìnrin ní orí ṣónṣó bí òrùlé. Lẹ́nu ọ̀nà, òpó òkúta ni àmì ọkùnrin, ilé kékeré sì ni àmì obìnrin.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ilé alààyè rí lóòótọ́? Ní Acquarossa, nítòsí Viterbo, níbi tí àwọn ará Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ ní 1966, tí Ọba Gustaf Kẹfà Adolf pàápàá bá wọn ṣe níbẹ̀, wọ́n rí ìpìlẹ̀ ilé láti ọ̀rúndún keje àti ìkẹfà ṣáájú ìbí Kristi. Táìlì amọ̀ ti gba ipò koríko níbẹ̀. Wọ́n rí ilé tí yàrá rẹ̀ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn gbàgede, bó ṣe rí nínú àwọn ibojì Cerveteri.

Nígbà tó yá, òkìtì roboto àwọn olówó kò pọ̀ mọ́. Ibojì onígun mẹ́rin, tó tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà, tí èyí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí lọ, ló gba ipò rẹ̀ kí ọdún 500 ṣáájú ìbí Kristi tó dé. Mo rí ọwọ́ ìlú nínú ìyẹn: ẹnìkan ló wọn ilẹ̀, tó sì pín in. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ ṣì jẹ́ ibojì ìdílé Matuna, ti ọ̀rúndún kẹrin. Wọ́n ṣe nǹkan ilé sára ògiri àti òpó, wọ́n sì kùn ún lọ́dà: ìrọ̀rí, okùn tí wọ́n ká, àáké, ọ̀bẹ, bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ní 273 ṣáájú ìbí Kristi, Róòmù gba ìdajì ilẹ̀ Caere. Wọn kò torí ìyẹn dáwọ́ ìsìnkú dúró. Nínú ibojì ìdílé Tarchna, èdè Etruscan ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn kan sára ògiri, Látìn ni wọ́n fi kọ ti àwọn mìíràn.