Ohun Tí A Kò Bá Kọ, AI Yóò Fi Tirẹ̀ Dí I

Bí ẹ bá rán ọmọ lọ sí ọjà Odò-Ògbè pé kó bá yín béèrè iye tí tòmátò jẹ́, ọmọ tó gbọ́n á kọ́kọ́ bi yín: apẹ̀rẹ̀ ni àbí ike? Èyí tó le ni àbí èyí tó ti rọ̀? Òjíṣẹ́ AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a ń rán níṣẹ́, kì í sábà béèrè. Àlàyé tí a kọ sára irinṣẹ́ tí a fún un ló ń kà. Ibi tí a bá fò, yóò fi èrò tirẹ̀ dí i, ojú rẹ̀ kò sì ní yẹ̀ tó bá ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ níbí nìyẹn: mo ń kọ àlàyé irinṣẹ́ tí AI fi ń lọ mú dátà wá láti ọjà àsọtẹ́lẹ̀. (Kì í ṣe dátà tí ẹ ń rà sórí fóònù o.) Láti ìgbà tí Anthropic, ilé-iṣẹ́ AI kan, ti gbé Model Context Protocol, ìlànà tí AI fi ń bá irinṣẹ́ sọ̀rọ̀, jáde ní oṣù Kọkànlá 2024, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ló ti ń gba ọ̀nà kan náà: orúkọ irinṣẹ́, àlàyé rẹ̀, àti ohun tí AI gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Àlàyé tó wà láàrin yẹn ni wọ́n ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ní ọjà àsọtẹ́lẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni wọ́n ń tà lórí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣẹ, "bẹ́ẹ̀ ni" kan gba dọ́là 1. Bí kò bá ṣẹ, òfo ni. Bí wọ́n bá wá ń tà á ní sẹ́ǹtì 62, ohun tí ọjà ń wí ni pé ó fi ìdá 62 nínú 100 ṣeé ṣe. Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1988. Polymarket àti Kalshi ló gbòde lónìí. Ẹ má fi wé Òkè Ìtasẹ̀ o, owó ló ń fọhùn níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Àlàyé àkọ́kọ́ tí mo kọ kò ju "Ó ń mú iye wá" lọ. Òjíṣẹ́ mú 0.62 wá láti ọjà kan, ó mú 62 wá láti òmíràn, ó wá sọ fún oníbàárà pé ọjà kejì fi ìlọ́po 100 dájú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iye kan náà ni! Ọ̀kan ń fi dọ́là kà á, èkejì ń fi sẹ́ǹtì. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ "iye" yẹn gan-an ló sì máa ń dá mi dúró jù. Iye wo? Ká ní ìyá olówò pe apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní 30,000 náírà, oníbàárà ná an ní 20,000. Ẹni tó bá ní 25,000 ni tòmátò, ta ló rà á bẹ́ẹ̀? Àárín ohun tí olùtà pè àti ohun tí olùrà ná ni Polymarket ń gbé sójú. Bí àlàfo wọn bá wá ju sẹ́ǹtì 10 lọ, iye tí wọ́n tà á kẹ́yìn ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, ìtà ìkẹyìn yẹn sì lè ti pẹ́. Mo máa ń kọ ọ́ ní kedere pé èwo ni irinṣẹ́ yìí ń mú bọ̀, kí òjíṣẹ́ sì wo bí ọjà ti kún tó kó tó pe nọ́ńbà kan ní àsọtẹ́lẹ̀. Ọjà tí ènìyàn méjì péré ń ná kì í ṣe ohùn ayé.

Èsì tó ṣófo náà ń fẹ́ àlàyé. Bí òjíṣẹ́ bá fi àkọlé wá ọjà níbi tó yẹ kó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ wá a, ó lè má rí nǹkan kan gbà, yóò wá ní kò sẹ́ni tó ń ná irú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: "Bí èsì bá ṣófo, ọjà lè wà síbẹ̀, tún nọ́ńbà yẹ̀ wò." Ẹ ní kó ka òfin ìdájọ́ ọjà pẹ̀lú, torí òfin ló ń sọ ẹni tí yóò gbowó, kì í ṣe àkọlé.

Ní ti aago, UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni kí ẹ kọ, tiwa fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀.

Bí mo bá kọ ọ́ tán, àbúrò mi obìnrin tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà ni mo máa ń fún kà. Gbogbo ìbéèrè tó bá bi mí, àlàyé ló kù síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méje ló bi mí lórí irinṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìdáhùn karùn-ún ni mo ṣì wà.