Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lé níṣẹ́

Bí lẹ́tà ìléníṣẹ́ bá tẹ tíṣà kan lọ́wọ́ ní Òṣogbo, ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó kó àwọn àgbà jọ, kí wọ́n bá a bẹ àwọn ọ̀gá. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú láwùjọ wa, ṣùgbọ́n lójú òfin, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀bẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé òun ṣẹ̀, àánú ló ń tọrọ. Ẹni tó pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún òun kò bá òfin mu, kí ẹni tí àṣẹ rẹ̀ ga jùyẹn lọ tún un yẹ̀ wò. Lẹ́tà tí tíṣà kọ pé "mo ti ṣẹ̀, ẹ dárí jì mí", torí wọ́n ní ó máa rọ ọ̀gá lọ́kàn, lè padà di ẹ̀rí lòdì sí i ní kóòtù.

Tíṣà ilé-ìwé ìjọba kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òfin ló dá SUBEB, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sì gbà á síṣẹ́, sílẹ̀, òfin àti ìlànà iṣẹ́ ọba ló sì sọ bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́. Irú rẹ̀ la lè pè ní iṣẹ́ tí òfin gbé ró. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Shitta-Bey ní 1981, àti nínú ẹjọ́ Olaniyan àti Yunifásítì Èkó ní 1985, pé bí wọn kò bá tẹ̀lé ìlànà, ìyọníṣẹ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kóòtù sì lè pàṣẹ kí ẹni náà padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà ilé-ìwé aládàáni kò ní ààbò tó bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn òun àti onílé-ìwé ni kóòtù máa wò. Bó bá tilẹ̀ jàre, owó ni wọ́n sábà ń dá fún un, ó sì lè má ju owó oṣù àkókò tó yẹ kí wọ́n ti fi sọ fún un ṣáájú kí wọ́n tó yọ ọ́ lọ.

Kí wọ́n tó lé tíṣà ìjọba, abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún un lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kúẹ́rì, ìyẹn lẹ́tà tó ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà pàtó: ọjọ́ wo, níbo, kí ló ṣe. "O ń hùwà tí kò yẹ" nìkan kò tó. Bí wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ ìjókòó fún un, kó lè gbọ́ àwọn ẹlẹ́rìí, kó bi wọ́n léèrè, kó sì rí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi dá a lẹ́bi. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án kò gbọ́dọ̀ jókòó ṣe adájọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ọ̀ràn ara wọn jẹ́ ni pé inú bí wọn, wọn kò dáhùn kúẹ́rì. Ẹni tí wọ́n fún láàyè láti sọ̀rọ̀ tó sì kọ̀ kò lè tún sọ fún adájọ́ pé wọn kò gbọ́ tẹnu òun. Ẹ dáhùn láàárín wákàtí tí wọ́n kọ síbẹ̀, kódà bó bá jẹ́ láti sọ pé ẹ fẹ́ rí ìwé ẹ̀sùn kí ẹ tó lè ṣàlàyé ni.

Ẹ jẹ́ ká wo lẹ́tà ìléníṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àti ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Èkejì kì í sí lórí lẹ́tà, ẹ̀yin lẹ máa fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó mú un wá, kẹ́ ẹ sì tọ́jú àpòòwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Lójú òfin, ẹni tó lágbára láti gbani síṣẹ́ ló lágbára láti yọni. Ọ̀gá ilé-ìwé lè kọ ẹ̀sùn, kò lè lé tíṣà tí SUBEB gbà síṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìfọwọ́sí rẹ̀ nìkan, tí kò sọ àṣẹ ta ló fi kọ ọ́, ẹ sàmì síbẹ̀ fún lọ́yà yín.

Ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àkọ́kọ́ máa ń lọ sọ́dọ̀ SUBEB, nípasẹ̀ ọ̀gá ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ ti Òṣogbo tàbí ti Ọlọ́runda. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì; kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" mọ́ ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú un lọ sílé. Ẹ sọ ìlànà tí wọn kò tẹ̀lé àti ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, torí ẹgbẹ́ lè bá yín wá lọ́yà.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni iye tíṣà tí àkókò ń ré kọjá nígbà tí wọ́n ń dúró de èsì ìwé yẹn. Ìwé tí ẹ kọ sí SUBEB kò dá kàlẹ́ńdà dúró. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí ẹni tó fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 3. Ká ní lẹ́tà dé ní 10 oṣù kìíní, ẹ fi ọkàn sí i pé ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 9 oṣù kẹrin. Òótọ́ ni pé ní 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin oṣù 3 kò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ mìíràn wà tí ohùn wọn kò bá tirẹ̀ ṣọ̀kan. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yín ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Òfin tó dá ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sì tún lè ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀, kẹ́ ẹ dúró fún oṣù kan, kẹ́ ẹ tó lè pẹjọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oṣù 2 péré ló kù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí lọ́yà ti rí lẹ́tà náà.

Kò sí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ ìléníṣẹ́ tíṣà nìkan nílẹ̀ wa, bí irú èyí tí ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà dá sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ilé-ìwé aládàáni pẹ̀lú òfin 1977, tó fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti pẹjọ́. Tiwa ni National Industrial Court, tí abala 254C ìwé òfin fún lágbára lórí gbogbo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ẹ má ṣe gbé e lọ sí Háíkóòtù ìpínlẹ̀. Wọ́n lè darí ẹjọ́ náà síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n oṣù gbọọrọ ló máa fi ṣòfò.

Olùpẹjọ́ ló máa fi hàn pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, àti ìlànà wo ni wọ́n tẹ̀ lójú. Nítorí náà, ìwé ìgbàsíṣẹ́, ìwé tó fìdí iṣẹ́ yín múlẹ̀ lẹ́yìn àkókò tí wọ́n fi dán yín wò, ìwé ìgbéga, kúẹ́rì, èsì yín, gbogbo rẹ̀ lẹ máa kó wá. Èyí tẹ́ ẹ bá ní fótókópì rẹ̀ nìkan nínú ìwé ìjọba, ẹ lọ gba ẹ̀dà tí ọ́fíìsì tó ni ín fọwọ́ sí pé òótọ́ ni. Ẹ san owó rẹ̀, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ rí i pé orúkọ, ọjọ́ àti òǹtẹ̀ ẹni tó fọwọ́ sí i wà níbẹ̀. Kóòtù yìí lè fojú fo díẹ̀ lára òfin ẹ̀rí nítorí òdodo, ṣùgbọ́n lọ́yà ìjọba máa ta ko fótókópì lásán.

Bí ìdájọ́ National Industrial Court kò bá tún tẹ́ yín lọ́rùn, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló kù, ẹ sì sábà máa kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ ibẹ̀ ló máa ń parí irú ẹjọ́ yìí. Kì í dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ.