Ọjọ́ tí ọwọ́ légbénlégbé bá yọ

Àkèré igi aláwọ̀ eérú (Dryophytes versicolor) wọ́pọ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Nígbà tí òtútù bá ti lọ, ó máa ń yé ẹyin sójú omi adágún kéékèèké. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹyin á ti pa, ó sì máa ń tó bí oṣù kan ààbọ̀ sí méjì kí légbénlégbé tó di àkèré. Ìpele ẹyin kọ́ ló le jù fún ẹni tó ń sìn ín nílé. Ọjọ́ díẹ̀ tí ọwọ́ bá yọ tí ìrù kò tíì tán ló le jù.

Omi ló ṣe kókó ṣáájú. Légbénlégbé ń fi awọ ara mí, nítorí náà ohun tó bá wà nínú omi ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé omi ẹ̀rọ kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ á fò lọ, ṣùgbọ́n chloramine tí ọ̀pọ̀ ìlú ń lò dípò rẹ̀ kì í lọ bẹ́ẹ̀. Omi òjò tó mọ́ sàn jù, tàbí kí wọ́n kán oògùn tí àwọn olùsìn ẹja fi ń pa agbára chlorine àti chloramine sí i. Ìgbẹ́ àwọn fúnra wọn náà ń ba omi jẹ́, nítorí náà kí wọ́n má pọ̀ jù nínú abọ́ kan, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ díẹ̀ lára omi lóòrèkóòrè. Ewé létúùsì bíbọ̀ àti oúnjẹ ẹja tó ò fún wọn.

Bí ọmọ lámilámi bá wà nínú adágún, ìrù légbénlégbé yìí máa ń fẹ̀, á sì pọ́n, kí ọ̀tá lè gbá ìrù mú dípò orí. Nínú abọ́ tí kò sí ọ̀tá, ìrù kì í pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun ìyanu gbáà ni.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń yọ. Ọwọ́ ń dàgbà ní ìkọ̀kọ̀ lábẹ́ awọ, ó sì máa ń là á jáde lójijì. Ẹnu tó ń ha ewé di ẹnu gbàgàdà, ìfun gígùn súnkì, ẹ̀dọ̀fóró sì gba iṣẹ́ èémí. Ní ọjọ́ díẹ̀ yìí, kò ní jẹun rárá. Ìrù rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ẹṣẹ́ ọrùn tí à ń pè ní thyroid ló ń darí gbogbo rẹ̀: ní 1912, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gudernatsch, fún légbénlégbé ní thyroid ẹṣin jẹ, wọ́n sì di àkèré bíńtín ṣáájú àkókò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù wọn nìyí: àkèré tuntun lè kú sómi. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ti lè ká, ẹ dín omi kù, ẹ gbé abọ́ dẹ̀gbẹ́ kí apá kan gbẹ, kí ẹ sì fi alásẹ́ bò ó, torí orí ìka rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Àkèré kékeré yìí kì í ṣe aláwọ̀ eérú rárá. Aláwọ̀ ewé títàn ni. Kò mọ oúnjẹ tí kò bá mira. Ọmọ ìrẹ̀ tíntín àti eṣinṣin èso tí kò lè fò ni kí wọ́n fún un, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìyẹ̀fun calcium pa àwọn kòkòrò náà lára. Awọ ikùn ló fi ń mu omi, nítorí náà ọwọ́ tó ní ọṣẹ tàbí ìpara kò gbọdọ̀ kàn án.

Bí òfin ìpínlẹ̀ bá gbà á, adágún tí ẹyin ti wá nìkan ni kí wọ́n dá a padà sí. Èyí tó bá ti bá àkèré mìíràn gbé kò gbọdọ̀ padà, nítorí èbu awọ Batrachochytrium tí wọ́n fún lórúkọ ní 1999 ti pa àkèré rẹpẹtẹ káàkiri ayé. Ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ tutù ló dára jù láti tú u sílẹ̀, lórí ewé tó súnmọ́ omi.