Bí tíkẹ́ẹ̀tì eré orin ṣe ń ṣiṣẹ́ l'Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá rí pósítà eré ní Pánṣẹ́kẹ́, tàbí tó gbọ́ ìpolówó rẹ̀ lórí rédíò, lè rò pé ìgbà yẹn ni ètò ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Kí pósítà tó jáde, owó ti jáde lápò pùròmótà tó gbé eré kalẹ̀. Ó ti san àsansílẹ̀ fún olórin, ó ti sanwó gbọ̀ngàn, ó sì ti bá àwọn tó ni sípíkà àti iná ìtàgé dúnàádúrà. Ọ̀pọ̀ olórin kì í gun ìtàgé bí ìyókù owó wọn kò bá tíì pé. Ìdí nìyẹn tí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ tà fi máa ń dínwó: kì í ṣe pé wọ́n ṣàánú ẹnikẹ́ni, owó ni pùròmótà ń wá kó tó di ọjọ́ eré. Bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé ni owó ń gòkè, ti ẹnu ọ̀nà ló sì máa ń wọ́n jù.

Tábìlì ló ń gbé eré dúró. Ẹnì kan á ra gbogbo àga tó yí i ká, ọtí àti omi á wà lórí rẹ̀, á sì kó ọ̀rẹ́ wá. Níbi eré jùjú àti fújì, tábìlì iwájú ni ojú olórin máa ń wà, orúkọ àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló sì ń bọ́ sí i lẹ́nu nígbà tí gángan bá ń sọ̀rọ̀. Ká sòótọ́, oríkì ni ọ̀pọ̀ ń rà, kì í ṣe àga. Àmọ́ kí wọ́n ṣọ́ra: abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 ka náírà fífọ́n níbi àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kì í dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Owó inú àpòòwé kò lòdì sí òfin yẹn.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ta ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹni tó ń rà á á tẹ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì, á fi káàdì sanwó tàbí kó ṣe tíráńsífà. Bí owó bá wọlé, orúkọ rẹ̀ á bọ́ sínú àkọsílẹ̀, wọ́n á sì fi kóòdù QR, àwòrán onígun mẹ́rin tí fóònù lè kà, ránṣẹ́ sí i. Àwòrán yẹn fúnra rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi fóònù wò ó. Bí nọ́ńbà náà bá wà nínú àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì fi wọlé, wọ́n á so nǹkan mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ó di inú ilé. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ti kú. Ẹlòmíì tó bá gbé àwòrán kan náà dé lẹ́yìn náà, ìta ni yóò wà, ì báà jẹ́ òun gan-an ló sanwó. Ẹni tó bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí status WhatsApp láti fi ṣe fáàrí, kọ́kọ́rọ́ ilé ló gbé fún ará àdúgbò. Kéèyàn sì tọ́jú kóòdù náà sínú fóònù kó tó kúrò nílé, torí níbi tí èrò bá ti pọ̀, dátà kì í já geere.

Abẹ́òkúta ní ibi eré tó ní ìtàn. June 12 Cultural Centre wà ní Kútọ̀. Orúkọ rẹ̀ ń ṣèrántí ìbò 1993 tí MKO Abíọ́lá, ọmọ ìlú yìí, jáwé olúborí nínú rẹ̀. Gbọ̀ngàn Centenary wà ní Aké, ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Ìlú tí wọ́n bí Fẹlá sí ní 1938, tí Àyìnlá Ọmọwúrà ti fi àpàlà dárà, èrò ibẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi orin tí ò jinná tàn.

Gbọ̀ngàn àtijọ́ ní wàhálà tirẹ̀ ṣá. Ògiri líle máa ń dá ohùn padà. Nígbà tí àwọn onílù bá ń dán ẹ̀rọ wò lọ́sàn-án, inú gbọ̀ngàn ṣófo, ìró ìlù á máa gba ara ògiri kiri títí yóò fi bo ẹnu olórin mọ́lẹ̀. Bí èrò bá kún, ara àti agbádá wọn á gbé díẹ̀ mì nínú ariwo náà, ni ẹni tó ń darí ohùn á bá tún gbogbo ẹ̀ tò lákọ̀tun. Nítorí náà, bí orin àkọ́kọ́ kò bá dùn létí, ẹ má tíì bínú. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń darí ohùn yẹn gan-an, láàárín gbọ̀ngàn, ni orin ti sábà ń dùn jù, torí ohun tí etí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ló ń tẹ̀ lé. Àwọn onítábìlì tó sanwó ńlá, ẹnu sípíkà ni wọ́n wà.

Aago tó wà lára pósítà, ti ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe ti olórin.

Bí wọ́n bá sún eré sí ọjọ́ mìíràn, tíkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ tuntun. Owó dídá padà kì í yá bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí èèyàn tẹ̀ pé òun gbà nígbà tó ń rà á ni wọ́n á tẹ̀ lé, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ti ẹni tó sanwó sínú àkáǹtì ọ̀rẹ́ pùròmótà ló nira jù, nítorí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan.