Sányán kò wọ inú aró rí

Ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, mo gbọ́ tí ìyá aláṣọ kan ń sọ fún ìyàwó ojú ọ̀nà kan pé òwú funfun ni sányán, pé èèpo igi ni wọ́n fi ń pa á láró. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tó fà á. Òwú ni ẹ̀tù, inú ìkòkò aró ló sì ti ń jáde, ni wọ́n bá ka sányán mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n sányán tí à ń pè ní baba aṣọ kò délé aláró rí. Ọ̀dọ̀ àfòpiná ló ti wá.

Anaphe ni orúkọ tí Francis Walker, ará Ìlú Ọba, fún ìran àfòpiná yìí lọ́dún 1855. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ilé rẹ̀. Ẹbí Notodontidae ni wọ́n kà á mọ́. Ti kòkòrò sílíkì àwọn ará Ṣáínà yàtọ̀, Bombycidae ni tiẹ̀. Ara Anaphe kún fún irun, ìyẹ́ apá rẹ̀ funfun bíi wàrà, pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ ilẹ̀. Ìwo orí akọ rí bí òòyà. Abo ní ìdì irun kan nídìí, òun ló fi ń bo ẹyin tó bá yé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé ìrà tàbí ewé arère. Bí wọ́n bá ń rìn, wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn, orí tẹ̀yìn nídìí tiwájú. Nígbà tó bá yá, gbogbo wọn á kóra jọ, wọ́n á hun ilé kan ṣoṣo.

Mo ti já irú ilé bẹ́ẹ̀ lórí igi ìrà létí oko kan lọ́nà Ìdànrè. Ó wú bí àpò awọ, àwọ̀ sányán gan-an ni àwọ̀ rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ là á: ẹ̀yìn rẹ̀ le bíi páálí, inú rọ̀, ilé kéékèèké sì fún mọ́ra wọn níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìka ọmọdé lọ. Irun àwọn kòkòrò náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi yún mi di ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án.

Ti Ṣáínà, fọ́nrán kan gígùn ni wọ́n ń fà lára ilé kòkòrò kọ̀ọ̀kan. Ti Anaphe kò ṣeé fà bẹ́ẹ̀, ó ti lọ́ mọ́ra. Omi eérú ni wọ́n fi ń sè é kí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó wá ran án bí òwú. Àwọ̀ tó bá ti igbó dé ni yóò bá dórí òfì.

Èmi ò sọ pé irọ́ ni ìyá aláṣọ yẹn ń pa. Òwú tí wọ́n pa láró tí wọ́n ń pè ní sányán kún ọjà, bóyá òun nìkan ló ti ń tà. Kò burú kéèyàn rà á, àmọ́ kí wọ́n má gba owó sányán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan létí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á máa rùn bí ìwé tó ń jó. Mo ṣe é sí ìró ìyá mi àgbà lóṣù tó kọjá: òórùn irun jíjó ló gba yàrá.