Ohùn Tí Wọ́n Fi Sí I Lẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣàlàyé fíìmù Prova d'orchestra, ìyẹn "Ìfidánrawò Ọ̀kẹ́sírà" tí Federico Fellini ṣe fún tẹlifíṣọ̀n Ítálì lọ́dún 1978, máa ń ṣe é bí ẹni tó ń rọ́ àlá: fayolíìnì dúró fún ọ̀mọ̀wé, fèrè idẹ dúró fún òṣìṣẹ́, olùdarí orin dúró fún ìjọba, ó parí. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa súni. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ta ni ìbá wò ó tán?

Etí ni iṣẹ́ ibẹ̀ wà. Ní Ítálì ìgbà yẹn, ohùn tí a ń gbọ́ nínú fíìmù kì í sábà jẹ́ èyí tí òṣèré fọ̀ níbi tí wọ́n ti ya á. Wọ́n á ya àwòrán tán ná, kí wọ́n tó wọ yàrá lọ fi ohùn sí i. Fellini a tiẹ̀ máa ní kí òṣèré ṣáà máa ka ení, èjì, ẹ̀ta lójú kámẹ́rà, kí ẹnu ṣá ti máa mì. Ó di ẹ̀yìn kó tó wá ohùn tó bá ojú náà lára mu, bí ẹni ń wá fìlà fún aṣọ.

Báyìí ló ṣe rí àyè fún olórin kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀ bí ará agbègbè tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìpàdé kan: ẹnì kan ní òun fẹ́ ra "isu", kò tíì sọ iye tó fẹ́ rà tí gbogbo ilé ti mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ni. Ẹlòmíràn ní òun ń lọ sí "ulé", Èkìtì ti dé nìyẹn. Bí ará Ítálì ṣe ń gbọ́ fíìmù náà nìyẹn. Olùdarí orin ní tirẹ̀, ahọ́n Jámánì ló fi ń sọ èdè Ítálì. Ẹni tó bá ń ka àkọlé ìsàlẹ̀ àwòrán kò lè gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ilé ìsìn àtijọ́ tó ní ibojì póòpù mẹ́ta àti bíṣọ́ọ̀bù méje ni wọ́n kó àwọn olórin inú fíìmù náà jọ sí. Àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń bi olúkúlùkù léèrè nípa ohun èlò orin tirẹ̀. Kálukú ń yin tirẹ̀, ó sì ń fẹnu tẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìbéèrè nípa ohun èlò lásán ni, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ ló tú àṣírí ẹni tó ka ara rẹ̀ sí ọ̀gá àti ẹni tó gbà pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Ọgbọ́n ńlá gbáà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dìtẹ̀. Wọ́n kọ olùdarí, wọ́n gbé ràgàjì ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, kọ̀, kọ̀, kọ̀, sípò rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi wó òun náà lulẹ̀. Ìgbà yìí, igbe àjùmọ̀ké ló gbòde. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni nípa fèrè rẹ̀ mọ́. Àfi gbàà! Bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń wólé ti dá ògiri lu, obìnrin tó ń ta háàpù sì kú.

Nínú eruku ni wọ́n ti gbé orin padà, orin tí Nino Rota, ará Ítálì tó máa ń kọ orin sí fíìmù, kọ, iṣẹ́ ìkẹyìn tó ṣe fún Fellini. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Lẹ́yìn gbogbo ohùn tí Fellini fi sùúrù ṣà jọ, iná kú lójú àwòrán, ohùn kan ṣoṣo ló kù: ti olùdarí, tó ń jágbe mọ́ wọn lédè Jámánì.