Àwọn Pápá Ìṣeré àti Gbọ̀ngàn Ìdárayá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1821 ní ìlú Amherst, Ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, kò ní ju akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,900 lọ, síbẹ̀ àwọn ikọ̀ eléré ìdárayá rẹ̀ lé ní 25. Ìsọ̀rí Kẹta nínú NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń díje. Ní ìsọ̀rí yìí, ẹnikẹ́ni kì í gba owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ torí pé ó mọ eré ṣe. Ìlera akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ilé ìdárayá àkọ́kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ife-ẹ̀yẹ.

Kí ilé náà tó wà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá ẹni tí wọn yóò bá figa gbága. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1859, wọ́n bá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Williams gbá bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, àkọ́kọ́ tó wáyé láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ní Amẹ́ríkà. Ìlú Pittsfield, tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn, ni wọ́n ti pàdé. Èèyàn 13 ló wà ní ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, Amherst sì borí pẹ̀lú àmì 73 sí 32.

William Augustus Stearns, tó jẹ́ ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nígbà yẹn, ti ń ké gbàjarè pé ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dá wọn lágara, pàápàá tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí ìwé ni wọ́n ń kà ṣáá láìgbé apá láìgbé ẹsẹ̀. Èyí ló bí ilé ìdárayá Barrett, tí wọ́n kọ́ parí ní 1860. Ní 1861, wọ́n fi oníṣègùn kan, Edward Hitchcock, ṣe olùkọ́ ìmọ́tótó àti ìdárayá, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí tó fi kú ní 1911. Igi kékeré méjì tí orí wọn yọ gbọ̀ǹgbọ̀ bí ọmọ odó, tí àárín wọn sì tín-ín-rín, ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń mú lọ́wọ́; bí dùùrù bá ti dún, gbogbo wọn á jọ máa gbé e sókè, wọ́n á jọ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Hitchcock tún máa ń wọn gíga wọn, ìwúwo wọn àti ìbú àyà wọn, a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń le sí i. Ilé Barrett ṣì dúró, ṣùgbọ́n èdè ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń kọ́ nínú rẹ̀ báyìí.

Orúkọ Pratt lè rú àlejò lójú nínú ọgbà náà, nítorí ó wà lára ohun tó ju ẹyọ kan lọ. Charles Pratt, oníṣòwò epo rọ̀bì ní Brooklyn, ni bàbá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ rẹ̀ Charles ló fi ilé ìdárayá Pratt tọrẹ ní àwọn ọdún 1880. Frederic fi Pápá Pratt tọrẹ ní 1891. Harold ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

Pápá Pratt wà lára àwọn pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sáré, tó pẹ́ jù lọ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì ń lò. Ní ọdún tí wọ́n ṣí i gan-an, balógun ikọ̀ ni William Henry Lewis, ọ̀kan lára àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù yìí fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Charles Drew, tó wá di oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn lórí ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́, náà gbá bọ́ọ̀lù fún Amherst, ó sì sáré fún un, kó tó jáde ní 1926. Ní 2013, wọ́n tún pápá náà ṣe látòkè délẹ̀, wọ́n sì tẹ́ koríko àtọwọ́dá sí i.

Gbọ̀ngàn LeFrak ni ilé àwọn agbábọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n (basketball). Kò sí ikọ̀ tó gbé orúkọ gbọ̀ngàn náà ga tó ti àwọn obìnrin, bẹ́ẹ̀ ọdún 1975 ni Amherst ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin wọlé: wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní ìsọ̀rí wọn ní 2011, 2017 àti 2018. Họ́kì orí yìnyín wà ní Orr, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sì wà ní Pápá Hitchcock, tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé Edward Hitchcock, oníṣègùn tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Orí òkè kan tó kọjú sí àwọn pápá ìsàlẹ̀ ni ìrántí olókùúta fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá ogun àgbáyé méjèèjì lọ wà. Bí yìnyín bá bọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa jókòó sórí àwo pẹrẹsẹ ilé oúnjẹ, wọ́n á sì yọ̀ láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ilé ìdárayá Pratt àtijọ́ ló rìn jìnnà jù. Ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí egungun mammoth, ẹbí erin tó ti kú run, dúró sí ní ibi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń fò sókè tẹ́lẹ̀. Láti 2007, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sùn nínú rẹ̀. Ní 2016, àwọn alábòójútó kọ́lẹ́ẹ̀jì pa ìnagijẹ àwọn ikọ̀ wọn tì, ìyẹn Lord Jeff, tó ti ara Jeffery Amherst wá, ọ̀gágun tó fọwọ́ sí i ní 1763 pé kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ní ilẹ̀gbóná ran àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní 2017, Mammoth ni wọ́n yàn dípò rẹ̀. Egungun náà ti kó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Beneski, nínú ọgbà kan náà.